Ìtara máa ń tán: ohun tí mo mọ̀ nípa eré ìdárayá àti bí ìwọ̀n ara ṣe ń wálẹ̀ l'Ékòó

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kìíní, ẹni tó bá dé àyíká pápá ìṣeré Sùúrùlérè láàárọ̀ Sátidé yóò rò pé gbogbo Èkó ti pinnu láti fúyẹ́. Kánfáàsì tuntun, ṣòkòtò eré tuntun, ike omi lọ́wọ́ oníkálukú. Kí Ọdún Àjíǹde tó dé, èrò á ti fọ́nká. Mo ti wo àwọn tó ń ṣẹ́kù dáadáa. Ìtara wọn kò ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé wọn kì í bi ara wọn léèrè láràárọ̀ bóyá ó wù wọ́n. Bó wù wọ́n o, bí kò wù wọ́n o, ẹsẹ̀ ti mọ̀nà.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi mí pé báwo lòun ṣe máa ṣe é tí ìtara òun kò fi ní tán, mo máa ń sọ fún un pé ó máa tán. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ló sábà máa ń tán. Ohun tí a óò tọ́jú sílẹ̀ de ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí.

Wákàtí ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀. L'Ékòó, àdéhùn tí èèyàn bá bá ara rẹ̀ ṣe fún ìrọ̀lẹ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ ń ti Marina bọ̀, ẹ ní tí ẹ bá ti dé Ìyànà-Ìpájà ní aago méje, ẹ ó rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí Third Mainland á gba wákàtí kan ààbọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ ó délé ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro àti ebi. Ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Wákàtí yẹn ni kì í ṣe tiyín. Òwúrọ̀ ló ṣeé dì mú, torí kò tíì sí ẹni tó jí láti dá yín dúró. Bí ẹ bá ń jí kírun Àsùbáà, tàbí tí ẹ ń gbàdúrà òwúrọ̀ nílé, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ so eré ìdárayá mọ́: bí àdúrà bá ti parí, ẹsẹ̀ á wọ bàtà. Ẹ gbé bàtà, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kí ẹ tó sùn. Ẹni tó ń wá ìbọ̀sẹ̀ kejì nínú òkùnkùn nígbà tí iná ti lọ ti rí àwáwí tó ń wá.

Oòrùn Èkó máa ń yọ láàárín aago 6:30 sí 7:00 jálẹ̀ ọdún, nítorí náà ẹni tó bá jáde ní 5:30 inú òkùnkùn ló wà. Kó wọ aṣọ funfun, kó máa rìn kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ kó lè rí ọ̀kadà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó má fi nǹkan dí etí méjèèjì. Ibi tí èèyàn pọ̀ sí ló dára jù: inú ọgbà Unilag fún àwọn ará Àkọkà àti Yábàá, ọgbà Ndubuisi Kanu ní Àláúsá, Campos fún àwọn tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó. Afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí ní 2013 jẹ́ kìlómítà 1.36, lílọ-bọ̀ kan, ẹ ti rin kìlómítà méjì àti ààbọ̀ ó lé.

Ẹni tó ń kúrò nílé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kò ní òwúrọ̀ kankan. Kó pín eré ìdárayá rẹ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 sọ pé kí àgbàlagbà rí ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún eré tó ń mú èèyàn mí kíkankíkan díẹ̀, kó sì ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀ẹ̀kan náà ni kó ṣe gbogbo rẹ̀. Kó sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tirẹ̀ láàárọ̀, kó gba àtẹ̀gùn ní ibi iṣẹ́, kó rìn yí ká ilé iṣẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán níbi tí ìbòòji wà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti pé.

Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kó tó di bárakú? Àwọn olùwádìí kan ní University College London tẹ̀ lé èèyàn 96, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 2009. Ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ 66 ló gbà kí ìwà tuntun tó máa ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó yá jù lo ọjọ́ 18, ìṣirò ẹlòmíràn sì dé 254. Ohun tó wúlò jù nínú rẹ̀ fún mi ni èyí: pípa ọjọ́ kan jẹ kò ba nǹkan jẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fọwọ́ sí òfin kan ṣoṣo tí mo máa ń fún èèyàn, pé ọjọ́ kan lè lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì kò gbọdọ̀ lọ léra wọn. Ẹni tó pa ọjọ́ Ajé jẹ tó sì dìde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí ohun tó sọnù. Ẹni tó ní òun ti ba ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́, òun á tún bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀, òun ni kì í padà.

Òfin yìí kò lè dúró bí ohun tí ẹ dá lé bá tóbi jù. Ẹ ní ìwọ̀n tó kéré jù lọ, èyí tí ẹ lè ṣe ní ọjọ́ tí òjò oṣù kẹfà ti sọ àdúgbò di odò, tí ọmọ ń sunkún, tí ara kò le. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú yàrá, ó tó. Èyí ni mo máa ń fún èèyàn: jókòó-dìde 12, fífi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, kí àyà sún mọ́ ọn kó sì padà, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, gígun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo lọ sókè sódò fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Jókòó-dìde yẹn rọrùn láti sọ, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe é lódì. Ẹ ti ẹ̀yìn àga mọ́ ògiri kọ́kọ́, torí àga oníke máa ń yọ̀ lórí táìsì. Ẹ yà ẹsẹ̀ bí ejìká ṣe fẹ̀ tó, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú síta díẹ̀. Ìdí ni kó kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìdí ti ilẹ̀kùn nígbà tí ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ìdí tó kan àga. Ẹ má ju ara yín lé e. Ẹ fi gìgísẹ̀ ti ilẹ̀, kí ẹ dìde. Ẹ wo orúnkún: bí wọ́n bá ń wó wọnú tí wọ́n fẹ́ kan ara wọn, àga náà rẹlẹ̀ jù fún yín ní báyìí. Ẹ gbé ìrọ̀rí tó le lé e. Orúnkún tó ń wó wọnú ni orúnkún tó máa dun yín lọ́jọ́ kẹta, ìrora ọjọ́ kẹta yẹn ló sì ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú.

Ìyẹn ló mú mi dé orí àṣìṣe tó burú jù, èyí tí àwọn onítara máa ń ṣe: sísáré lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èémí máa ń yá láti dára, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ó ti rí ìyàtọ̀. Eegun àti àwọn okùn tó so iṣan mọ́ eegun kì í yá bẹ́ẹ̀, wọ́n nílò oṣù. Bí èémí bá wá ní ẹ lè sáré, tí ojúgun kò tíì gbà, ojúgun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín. Ẹ fi ìrìn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di 40 ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Bí ẹ bá fẹ́ sáré, láti ọ̀sẹ̀ keje ni: ẹ sáré ìṣẹ́jú kan, kí ẹ rin méjì, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìrìn yín yá tó ni pé ẹ lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọrin. Bí ẹ bá ń kọrin, ẹ ń ṣe fàájì. Bí ọ̀rọ̀ kò bá lè jáde, ẹ dẹwọ́.

Ìrora iṣan tó wà ní ọ̀tún àti ní òsì ara, tó sì lọ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Èyí tó wà lójú kan ṣoṣo lórí eegun, tó ń dunni bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, tó sì ń le sí i bí ẹ ṣe ń rìn, ẹ dúró, kí ẹ lọ rí dókítà.

Bàtà kò ní láti wọ́n. Òkìrìkà Yábàá àti Kàtàǹgówá ti wọ ọ̀pọ̀ ẹni tí mo mọ̀ ní bàtà tó dára. Ọ̀nà àtirà á ni kókó. Ẹ gbé bàtà náà sórí nǹkan tó tẹ́jú, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bó bá dà sí apá kan, ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ti fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò ní bá yín mu. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti aṣọ bàtà: ó yẹ kó wọlé díẹ̀, kó sì padà. Bó bá le bí igi, tàbí tó ń rún bí búrẹ́dì tó ti gbẹ, ó ti pẹ́ nílẹ̀ jù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́: ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ló yẹ kó ti tẹ̀, kì í ṣe láàárín gbùngbùn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò kan sì ṣẹ́kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù.

Òṣùwọ̀n ló kàn, òun ló sì ń pa ìtara àwọn èèyàn ju òjò àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lọ. Ẹnì kan á rìn fún ọjọ́ mẹ́fà, á sì gun òṣùwọ̀n ní ọjọ́ keje: kìlógíráàmù kan ló lé. Á ní òun ti jìyà lásán. Kò jìyà lásán, omi ni òṣùwọ̀n rí. Iyọ̀ inú oúnjẹ alẹ́ máa ń dá omi dúró sínú ara. Ẹ̀bà àti ìrẹsì tí ara tọ́jú sínú iṣan, gíráàmù kan rẹ̀ máa ń so omi gíráàmù mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ra. Iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́ máa ń wú díẹ̀ bó ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti fẹ́ dé lè fi kìlógíráàmù kan sí méjì lé e láìjẹ ohun tó pọ̀. Ọ̀rá ńkọ́? Kìlógíráàmù ọ̀rá kan ń gbé nǹkan bíi kálórì 7,700 (kálórì ni a fi ń ka agbára tí oúnjẹ ń fún ara). Ẹni tó bá ń dín kálórì 500 kù lójoojúmọ́ yóò pàdánù nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù lọ́sẹ̀. Ìdajì yẹn kò lè hàn láàárín omi tó ń lọ sókè sódò bí ìgbì Ọ̀sà, àfi bí ẹ bá mọ bí a ṣe ń wò ó.

Bí a ṣe ń wò ó rèé. Òwúrọ̀ nìkan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó mu omi, pẹ̀lú aṣọ kan náà tàbí láìwọ aṣọ. Kí òṣùwọ̀n wà lórí táìsì tàbí símẹ́ńtì. Lórí kápẹ́ẹ̀tì irọ́ ló máa pa. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ má sọ ohunkóhun sí i. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ ro méjèèje pọ̀, kí ẹ pín in sí méje. Ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ fi wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí wíwo nọ́ńbà lójoojúmọ́ bá ń bà yín lọ́kàn jẹ́, ẹ fi òṣùwọ̀n sílẹ̀, kí ẹ mú téèpù télọ̀. Ẹ yí i ká ikùn ní àárín ibi tí egungun ìhà parí sí àti orí egungun ìbàdí, ẹ mí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ wò ó láìfún un. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ti tó. Bó bá kọjá sẹ̀ǹtímítà 94 fún ọkùnrin, tàbí 80 fún obìnrin, ewu àìsàn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà ti ń pọ̀ sí i. Àwọn ìyá wa kò ní òṣùwọ̀n, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ló ń sọ fún wọn: bí ó bá gòkè tàbí bí ó bá ń yọ̀ wálẹ̀, wọ́n mọ̀. Ẹ tún lè lo ṣòkòtò kan tí kò nà, tàbí bùbá kan tó há lápá. Ẹ wọ̀ ọ́ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan oúnjẹ, mo fẹ́ sọ òótọ́ rẹ̀, torí irọ́ inú rẹ̀ ń jẹ́ kí èèyàn rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 80 tó rin kìlómítà márùn-ún láàárín wákàtí kan yóò lo nǹkan bíi kálórì 280, nǹkan bí 80 nínú rẹ̀ ni ara rẹ̀ ìbá sì lò bó jókòó sílé. Ìgò mọ́ọ̀tì kan lè gbé tó 150 sí 200. Ṣíbí ìjẹun ńlá òróró kan, pupa tàbí funfun, jẹ́ 120. Ẹni tó bá rìn tán tó mu mọ́ọ̀tì kan láti fi kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́ ti fi ohun tó rìn san án. Ìrìn ń tún ọkàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, oorun àti ìrònú èèyàn ṣe, mo sì fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa rìn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara, inú ìkòkò ló ti ń wálẹ̀ jù.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀bà sílẹ̀. Gàárì gbígbẹ gíráàmù 100 jẹ́ nǹkan bíi kálórì 350, nítorí náà ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ tẹ ẹ̀bà kó tó ìkúùkù yín kan, kí ẹ̀fọ́ tàbí ewédú gba ìdajì àwo, kí ẹja tàbí ẹran wà níbẹ̀. Ẹ máa fi ṣíbí wọn òróró sínú ọbẹ̀. Dída rẹ̀ láti ẹnu ìgò ni kò jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé ó ti dé ṣíbí mẹ́jọ. Ẹ̀wà sísè máa ń pẹ́ nínú ju ìrẹsì lọ. Fún ẹni tí ọkọ̀ ń dá dúró títí di aago mẹ́sàn-án, alẹ́ ni wàhálà rẹ̀: ebi á ti pa á débi pé kò ní mọ ìgbà tó yó. Kó jẹ ẹyin sísè méjì tàbí àgbàdo sísè kan ní aago márùn-ún kó tó wọkọ̀, kó sì fi omi tẹ̀ lé e. Á lè dá ọwọ́ dúró nílé.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ retí pé yóò máa wálẹ̀ bákan náà títí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó máa dúró. Ara tó ti fúyẹ́ kì í lo agbára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọwọ́ á sì ti tú níbi ṣíbí òróró láìmọ̀. Ẹ padà sí wíwọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìrìn. Ẹni tó ti pàdánù ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn kìlógíráàmù mẹ́rin nínú 80, ti ṣe ohun tó lè mú ìfúnpá àti ṣúgà rẹ̀ dára sí i, bí dígí kò bá tilẹ̀ tíì sọ ọ́.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa èyí kì í sábà mẹ́nu bà, tó sì ń ṣe wá ní jàǹbá. Láàárín wa, sísanra ni ẹ̀rí ìgbádùn. Bí ara bá ń wálẹ̀, màmá ìyàwó á ní, "Ọmọ mi, o ti rù o, ṣé kò sí wàhálà?" Ará àdúgbò á bi yín bóyá ara kò yá ni, bóyá ọkọ ń fìyà jẹ yín. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ó sì ń wọni lára ju ẹ̀gàn lọ. Mo ti rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn nìkan padà sẹ́yìn lẹ́yìn tó ti ṣe iṣẹ́ oṣù márùn-ún. Ẹ tọ́jú èsì kan sílẹ̀ kí ẹ tó nílò rẹ̀: "Ẹ ṣé mà, ara mi le. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ń bá jà." Bí ó bá jẹ́ òótọ́ nípa tiyín, àgbàlagbà kì í bá yín jiyàn lórí ìyẹn, torí kò sí ilé tí kò mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti fà. Ní òde àríyá, ẹ gba àwo tí wọ́n bá gbé fún yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ jẹ ẹran àti mọ́ínmọ́ín inú rẹ̀ kọ́kọ́, kí ẹ fi ìdajì ìrẹsì sínú náílọ́ọ̀nù lọ sílé. Kò sí ẹni tó máa ṣàkíyèsí.

Ẹ wá ẹnìkejì. Gbogbo yín kò ní láti ju mẹ́rin lọ. Ẹgbẹ́ ogún èèyàn máa ń tú bí olórí bá ti rìnrìn àjò. Ọ̀nà àjọ ló ti ṣiṣẹ́ jù lójú mi: oníkálukú dá ₦2,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù sọ́wọ́ ẹni tí gbogbo wọn fọkàn tán, ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ pàdánù ₦200, ẹni tó sì wá jù ló ń kó ohun tó ṣẹ́kù. Owó náà kéré. Ṣùgbọ́n ojú ń ti èèyàn láti jẹ́ kí wọ́n dúró de òun lẹ́nu géètì ní aago mẹ́fà òwúrọ̀.

Tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń yọ ikùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ìgbẹ́ ló ń yọ. Omi àti iyọ̀ ara ló ń bá a lọ, ọ̀rá dúró síbi tó wà. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń wé mọ́ ikùn láti fi làágùn, bákan náà ni. Ike omi kan ti dá ìwọ̀n náà padà. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, tàbí tó ń lo oògùn ṣúgà, kó rí dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí eré ìdárayá lè mú ṣúgà wálẹ̀ jù fún ẹni tó ń lo àwọn oògùn kan. Bí àyà bá ń fún yín mọ́ra, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí èémí kò dọ́gba mọ́, ẹ jókòó, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì, nítorí àìsàn, ìsìnkú tàbí iṣẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ padà níbi tí ẹ ti dúró. Ẹ mú ìdajì. Bí ìṣẹ́jú 40 lẹ ń rìn tẹ́lẹ̀, kó jẹ́ 20 ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ máa fi márùn-ún kún un. Bàtà náà ńkọ́? Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn lálẹ́ òní.